Ẹnjiníà Orí Kàlẹ́ńdà

Ojúlé Kọkàndínlógún,
Ẹ̀yìn Ọjà Adjamé,
Abidjan,
Côte d'Ivoire.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Hàbíbà, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ pín gúgúrú jẹ dàgbà,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara Màmá le, ṣé ọjà ń lọ déédéé? Bàbá ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti ń jẹ́ kí wọ́n dé mọ́ṣáláṣí lásìkò? Àwọn ìbejì ńkọ́, àwọn tí kì í jẹ́ kí ilé gbádùn? Mo kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kí ewúrẹ́ Màmá pàápàá, bí ẹ kò bá tíì pa á jẹ. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Ara bàbá mi yá, ìyá mi ní kí n kí ọ dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi Nasser náà wà, wàá sì gbọ́ nípa rẹ̀ kí lẹ́tà yìí tó parí.

Mo mọ̀ pé wàá máa rẹ́rìn-ín pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. Ìdí wà fún un. Bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́, Màmá á tẹ̀ ẹ́ sókè nínú ìsọ̀, kí n tó wí tán gbogbo Ọjà Jagun á ti gbọ́, wọ́n á sì ti máa bá mi dá sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà. Àlàájà Nimotou tó ń bọ̀ nílé lọ́sẹ̀ yìí ni mo fi rán. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì torí pé mo mọ Àlàájà.

Mo rí ohun tí o kọ ránṣẹ́ ní Sátidé. O ní kú oríire, Ẹnjiníà wa. O ní kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ wa ti dé Ògbómọ̀ṣọ́, pé Màmá ti gbé e kọ́ sára ògiri ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Mẹ́kà, pé àwọn oníbàárà ń béèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́. O tún ní àbúrò bàbá rẹ ní jẹnẹrétọ̀ kan tó ń tú èéfín dúdú, pé wọ́n fẹ́ gbé e síwájú fóònù kí n wò ó kí n sọ ohun tó ń ṣe é. Hàbíbà, mo ka ọ̀rọ̀ yẹn tán, mo wá ibi kan jókòó sí. N kò tíì wọ kíláàsì kankan. Ohun tí mo mọ̀ nípa jẹnẹrétọ̀ ni pé epo ni wọ́n ń bù sí i.

O mọ ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá mi ń ṣe níbí. Ọdọọdún ni wọ́n ń tẹ kàlẹ́ńdà. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ ló máa ń wà lókè, kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Àwọn ọjọ́ inú oṣù máa ń wà nísàlẹ̀, wọ́n kéré débi pé ẹni tó bá fẹ́ mọ òní ọjọ́ kélòó, inú fóònù rẹ̀ ló máa wò. Àárín ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ tó yege sí, wọ́n á kọ “Àwọn Ògo Wa” lé wọn lórí, oyè tí bàbá kálukú bá sì fún un ni wọ́n máa kọ sábẹ́ ẹ̀. Ìgbìmọ̀ kàlẹ́ńdà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Oṣù kẹjọ ni wọ́n ń gba àwòrán, kí àwọn tó ń relé lè tètè rí i gbé dání. Bẹ́ẹ̀, oṣù keje ni èsì BAC jáde, ìyẹn ìdánwò àṣejáde wa níbí. Mo yege, mo sì yege dáadáa, n kò ní máa ṣe ojú ayé fún ìwọ. Iléèwé méjì ló gbà mí. Mo bẹ bàbá mi pé kí wọ́n fún mi láyè kí n rò ó. Wọ́n ní kí n máa rò ó, ṣùgbọ́n kí n máa rò ó lọ sí ọ̀dọ̀ onífótò.

Ẹ̀wù àṣejáde kan ṣoṣo ni onífótò yẹn ní. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń wọ̀ ọ́ fún àwọn ògo, òógùn gbogbo wọn ló sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tó ya fótò tán, ó fi kọ̀ǹpútà dé akoto funfun lé mi lórí, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ epo máa ń dé, ó sì gbé àwọn páìpù gàgàrà iléeṣẹ́ ìfọpo ti Vridi sẹ́yìn mi. Kò wọ̀n ọ́n dáadáa. Padà lọ wò ó nísọ̀ Màmá, wàá rí i pé èéfín ọ̀kan nínú àwọn páìpù náà ń jáde láti etí òsì mi. Àwọn àgbà ní oyún inú, a kì í dáṣọ fún un. Àwọn àgbà tiwa níbí ti dáṣọ fún oyún, wọ́n ti dé akoto fún un, wọ́n sì ti tẹ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹ̀dà.

Wàyí o, gbọ́ nípa iléèwé méjèèjì. Àkọ́kọ́ ni yunifásítì ńlá kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà yìí, torí pé bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ níwájú bàbá mi, ṣe ni wọ́n máa ń tún ìjókòó wọn ṣe. Èmi àti wọn la jọ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ àbẹ̀wò. Bàbá mi wọ agbádá tí wọ́n fi ń lọ kírun Iléyá. Ọ̀gá kan dìde bá wa sọ̀rọ̀, ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó bá wọlé kì í rí ọdún kejì, ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka oríkì ara rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ pé òun ń sùn ju wákàtí mẹ́rin lọ kí ó tètè máa lọ sílé. Bàbá mi, tí wọ́n ń sùn lọ́sàn-án gangan lórí táyà nínú ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, pàtẹ́wọ́ títí ojú fi tì mí.

Wọ́n mú wa wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ wọn. Hàbíbà, orí àtẹ̀gùn ni ọ̀pọ̀ ọmọ jókòó sí, àwọn mìíràn sì dúró síta lójú fèrèsé, wọ́n ń kọ̀wé lórí ẹ̀yìn ara wọn. Wọ́n ní láti ìdájí ni àwọn kan ti ń wá fi ìwé gbàyè. Ojú mi ti ń ṣú. Bàbá mi wò ó, wọ́n mirí, wọ́n ní bí ọjà Adjamé ṣe máa ń rí nìyí nígbà tí ọdún bá kù dẹ̀dẹ̀, pé ibi tí èrò bá ti pọ̀, ọjà ibẹ̀ dára ni. Olùkọ́ ń kọ nǹkan sójú pátákó. Ọmọkùnrin kan nawọ́, ó ní òun kò lóye ìlà kẹta. Kí olùkọ́ tó yíjú, gbogbo gbọ̀ngàn ti hó lé e lórí, wọ́n ń fọwọ́ lu tábìlì. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pa ìlà kẹta rẹ́, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ náà tẹrí sínú ìwé, kò sì gbé e sókè mọ́ títí a fi jáde. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣé ohun tí wọ́n kọ́ wa ní pírámárì nìyẹn? Wọn kò tíì gbọ́ ọ níbẹ̀. Jẹ́ kí n sọ èyí tó kù fún ọ torí pé ìwọ ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín torí pé mo ti lóye ìlà kẹta.

Iléèwé kejì wà ní Anoumabo, lórí ilé àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantutù ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí fíríìjì títí dórí àwọn yàrá òtútù ńláńlá tí wọ́n ń kó ẹja sí ní Vridi. Ọmọ mẹ́tàlélógójì péré ni gbogbo wọn. Má rò pé mo fẹ́ yìn ín o. Èmi àti Nasser la jọ lọ. Wọ́n ní aago mẹ́jọ ni ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé ní aago mẹ́jọ, ẹni tó ń gbálẹ̀ nìkan la bá, òun náà sì ń wò wá bíi pé a tètè dé jù. Olùkọ́ àkọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án pẹ̀lú àtíkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbí, àti ẹja dídín nínú ọ̀rá, ó sì jẹ ẹ́ tán kí ó tó kí wa. Ọ̀gá iléèwé ń ta ayò pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń pa á. Láti ìsàlẹ̀, òórùn búrẹ́dì gbígbóná ń gòkè wá láti àárọ̀, n kò mọ ọpọlọ tó lè ṣe ìṣirò nínú òórùn búrẹ́dì. Nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán fi máa lọ sísàlẹ̀, ìdajì kíláàsì ti forí lé tábìlì. Mo sọ fún Nasser pé bí ti ọ̀hún bá ń fi iṣẹ́ pa ọmọ, ti ibí yìí ń fi oorun pa á, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ pé ó ti kú.

Ọ̀sán yẹn náà ni obìnrin kan wọlé, ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ dúdú fún gíríìsì. Olùkọ́ ni. Ó gbé ẹ̀yìn fíríìjì kan kalẹ̀, ó tan iná sí i, ó sì bi ọmọbìnrin kan pé kí ló dé tí páìpù kan fi gbóná tí èkejì fi tutù. Ọmọ náà ní òun kò mọ̀. Mo ti ń retí kí wọ́n hó. Kò sí ẹni tó hó. Obìnrin náà ní ó dáa, pé òun náà kò mọ̀ ọ́n nígbà tí òun wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, kí ó bọ́ síbí kí ó fọwọ́ kàn án. Ni gbogbo wọn bá rọ́ síwájú, títí kan àwọn tó ń sùn. Ó ṣẹ́wọ́ sí èmi náà tí mo jẹ́ àlejò. Mo fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan fẹ́ jó mi, èkejì tutù nini. Èmi ni mo gba máàkì tó ga jù nínú físíìsì ní iléèwé wa, mo lè kọ ìlànà rẹ̀ fún ọ lórí ìwé láìṣe àṣìṣe kan, ṣùgbọ́n n kò mọ ìdí tí ọwọ́ mi fi ń gbóná. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin náà. Ó bi mí pé kí ni orúkọ mi, ó ní kí n dúró ti òun.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ Anoumabo nílé, bàbá mi gbé ife tíì wọn kalẹ̀. “Frigo? Ọmọ tó wà lórí kàlẹ́ńdà ló fẹ́ lọ máa tún frigo ṣe?” Ìyá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ṣùgbọ́n kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ààrẹ ẹgbẹ́, Àlàájì Lassissi, ti gbọ́ nísọ̀ wọn ní Treichville. Ọkọ̀ tó gbé òfófó kì í bàjẹ́ ní Abidjan. Wọ́n wá sílé wa, wọ́n fi ìdajì wákàtí ṣàlàyé fún mi pé irú iléèwé bẹ́ẹ̀, àwọn tí orí wọn kò gbéwèé ni wọ́n ń kó síbẹ̀, pé àwa tí wọ́n ń pè ní Ànàgó níbí gbọ́dọ̀ fi hàn wọ́n pé a mọ̀wé. Mo ń tẹ́tí sílẹ̀, mo sì ń rò ó nínú ara mi pé fíríìjì Àlàájì ti bàjẹ́ láti ìgbà ààwẹ̀, pé bàtà ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀ báyìí. N kò sọ ọ́ o. Wọ́n tọ́ mi dáadáa.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Nasser. Kàlẹ́ńdà ọdún 2020 ni wọ́n ti fi òun sí, ó wọ ẹ̀wù yẹn kan náà, wọ́n sì gbé ohun èlò tí dókítà fi ń gbọ́ àyà kọ́ ọ lọ́rùn. “Dókítà Nasser.” Yunifásítì ńlá ló lọ, ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ó ṣe ọdún kìíní, wọ́n ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, wọ́n ní kó máa lọ. Kò sí ẹni tó kéde rẹ̀. Ó kàn gba ìsọ̀ kékeré kan ní Adjamé, ó ń tún fóònù ṣe, bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè, bàbá mi á ní ó wà ní ìsinmi. Ó ti di ọdún mẹ́rin tó ti wà ní ìsinmi yẹn. N kò rí iléèwé tó láàánú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń yọ kàlẹ́ńdà tí ojú ọmọ rẹ̀ wà lórí ẹ̀ kúrò lára ògiri. Ti 2020 ṣì wà ní pálọ̀ wa, ó wà ní pálọ̀ Àlàájì Lassissi, ó wà níbi gbogbo. Nítorí náà Dókítà ni gbogbo Adjamé ń pè é. Àwọn ìyá àgbà ń kó oògùn wá bá a nídìí fóònù, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí fún wọn, ó sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ẹ ò rí i bí dókítà yìí ṣe níwà ìrẹ̀lẹ̀.

Mo ti máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. Oṣù tó kọjá ni yẹ̀yẹ́ náà kúrò lẹ́nu mi. Ọkùnrin kan gbé ọmọ jòjòló wá sí ìsọ̀ fóònù yẹn, ara ọmọ gbóná bí iná, ojú rẹ̀ ti ń yí sókè. Ilé ìwòsàn wà lójú ọ̀nà tí ọkùnrin náà gbà wá, ó kọjá níwájú rẹ̀ torí pé ó fẹ́ Dókítà tiwa. Nasser ju fóònù oníbàárà sílẹ̀, ó gba ọmọ, ó já sínú takisí, ó di ilé ìwòsàn. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́. Dókítà ibẹ̀ sọ fún wọn pé bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọn ì bá máa sọ. Ohun tí Adjamé mú nínú gbogbo rẹ̀ ni pé Dókítà Nasser ti tún gba ẹ̀mí là. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹun fún ọjọ́ méjì.

Ọjọ́ kẹta ni mo gbé oúnjẹ lọ bá a nísọ̀. N kò bi í ní nǹkan kan, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. “Ọ̀sẹ̀ kẹta, àbúrò. Troisième semaine ni mi ò ti mọ nǹkan tí wọ́n ń sọ mọ́. Le prof ń sáré, moi je note, mi ò mọ nǹkan tí mò ń kọ. Mo fẹ́ bi ẹni tó jókòó tì mí. Báwo ni Docteur ṣe máa béèrè? Ní Adjamé wọ́n ti ń kí mi ní Docteur, ní ilé Docteur, ní mọ́ṣáláṣí Docteur. Mo bá dákẹ́. Mo dákẹ́ ọdún méjì.” Mo sọ fún un nípa ọmọkùnrin tí wọ́n hó lé lórí ní gbọ̀ngàn. Ó wò mí, ó ní, “Ìwọ ńkọ́, ṣé o rẹ́rìn-ín?” Mo ṣí abọ́ oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó mú ṣíbí, ó sì jẹun.

Hàbíbà, ibẹ̀ ni mo ti yàn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìrọ̀rùn ni mo ń wá. Ẹ̀rù oorun Anoumabo bà mí ju ẹ̀rù iṣẹ́ lọ, mo mọ ara mi, bí ẹnì kan kò bá lé mi n kì í sáré. Ó sì ń dùn mí pé ọmọ tí mo jù lọ nínú ìṣirò á wọ yunifásítì yẹn, èmi á sì máa gbóòórùn búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí mo jẹ́ nínú gbọ̀ngàn ńlá yẹn. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, màá jẹ́ ẹni tó ń hó. Lọ́jọ́ tí n kò bá mọ̀ ọ́n, màá jẹ́ Nasser. Mo fẹ́ lọ síbi tí mo ti lè sọ pé n kò mọ̀ kí ẹnì kan sì ní kí n wá fọwọ́ kàn án.

Ó ku bí màá ṣe sọ ọ́. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́, ni ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé oṣù, wọ́n sì fẹ́ ṣàdúrà fún àwọn ọmọ tó ń wọlé sí iléèwé gíga. Kàlẹ́ńdà mẹ́fà ló wà lára ògiri gbọ̀ngàn, ojú mi mẹ́fà ń wò mí. Àlàájì Lassissi gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. “Mademoiselle l'ingénieur, bọ́ síwájú. Ṣàlàyé fún àwọn bàbá rẹ nǹkan tí o fẹ́ lọ ṣe ní université.” Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo dìde. Mo ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, mi ò tíì mọ nǹkan kan, ìdí tí mo fi ń lọ síléèwé nìyẹn. Université kọ́ ni mò ń lọ. Iléèwé tó wà ní Anoumabo ni, iṣẹ́ frigo ni mo fẹ́ kọ́.” Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní àwọn kò gbọ́, kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Ìwọ náà ì bá wà níbẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní ẹ̀dà tó kù nílẹ̀ kò ju ogójì lọ, pé a lè fi bírò pa “Ẹnjiníà” rẹ́ lára ìyẹn, ṣùgbọ́n èyí tó ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i. Ẹnì kan ní kí wọ́n kúkú fi í sílẹ̀, pé fíríìjì náà ẹ̀rọ ni. Àlàájì Lassissi wá ní àwọn kò lòdì sí i, kí ọmọ máa lọ síbi tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí a má sọ ọ́ síta. Hàbíbà, gbogbo gbọ̀ngàn fọwọ́ sí i. Wọ́n fẹ́ kí n wà ní ìsinmi bíi Nasser. Bàbá mi ti ṣí fìlà, wọ́n ń wo inú rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan jábọ́ sí níbẹ̀. Ó dùn mí. Mo ń bú wọn nínú lẹ́tà yìí láti òkè, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn mi, mo mọ̀ ọ́n, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo ń ṣí fìlà yẹn lórí wọn.

Àfi bí Nasser ṣe dìde láti ẹ̀yìn. Kò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní, “Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin bàbá mi. Je ne suis pas docteur, èmi kì í ṣe dókítà. Ọdún àkọ́kọ́ mi ò ṣe é yege, ẹ̀ẹ̀mejì. Fóònù ni mò ń tún ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọmọ wá bá mi mọ́, ẹ gbé e lọ hôpital.” Ó jókòó. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí a ń sọ lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwé òfin ẹgbẹ́ kò kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n sáré ṣàdúrà, wọ́n sì pa ìpàdé dé.

Ẹnu ọ̀nà la wà tí Màmá Sàlíhà fi di ẹ̀gbọ́n mi lápá aṣọ mú. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, iwájú pátápátá ni wọ́n jókòó sí, etí wọn sì dá ṣáṣá. Wọ́n tú ìdí gèlè, wọ́n yọ páálí oògùn kan jáde. “Docteur,” wọ́n ní, “gbogbo nǹkan tí o sọ ni mo gbọ́, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó yá, bá mi wo eléyìí. Ṣé kí n jẹun kí n tó lò ó?”

Nasser wo páálí náà, ó wò mí. Ó kà á fún wọn.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà sílé, orí orúnkún ni bàbá mi gbé fìlà wọn lé títí a fi délé. Àárọ̀ àná ni wọ́n tó bi mí, láìwo ojú mi, pé ṣé wọ́n mọ orúkọ mi ní ilé oníbúrẹ́dì yẹn. Mo ní obìnrin onígíríìsì ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kò burú. Mo lọ fi ìwé mi sílẹ̀ ní Anoumabo lánàá, aago mẹ́jọ ni mo débẹ̀, mo bá ẹni tó ń gbálẹ̀ gbálẹ̀. Kàlẹ́ńdà ṣì wà lára ògiri pálọ̀ wa, èmi àti Nasser lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Bàbá mi kò yọ ọ́, n kò sì ní kí wọ́n yọ ọ́.

Lọ́dún tó ń bọ̀ ìwọ náà máa yan. N kò ní sọ èyí tí o máa mú, torí pé ibi ńlá bá àwọn mìíràn lára mu, n kò sì ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí o tó yàn, lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì kan, dúró títí ẹnì kan á fi sọ pé òun kò mọ̀. Wo ohun tí wọ́n ṣe fún un. Kí o sì wo ohun tí ìwọ alára ṣe.

Bá mi kí Màmá, bá mi kí Bàbá, kí àwọn ìbejì má fi lẹ́tà yìí ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Kí Màmá má yọ kàlẹ́ńdà, wọ́n ti sọ fún oníbàárà pé ọmọ ẹni táwọn mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ti jẹnẹrétọ̀ àbúrò bàbá rẹ, bá mi kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí o sọ fún wọn pé Mùkàrámà ní òun kò mọ̀ ọ́n. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, má ṣe bá mi tún un ṣe.

Tìrẹ ni mo jẹ́, láìní oyè kankan,

Mùkàrámà.